Ìwé Àyàfi

Ẹ̀rọ ìlagi Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé kì í dúró de àkùkọ. Láàárọ̀ Àlàmísì tí à ń sọ yìí, Jímọ́ọ̀ káfíńtà kò tíì kírun àsùbáà tán tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí ògiri ń gbọ̀n, tí ìyẹ̀fun pákó sì ń rọ̀ sórí páànù ilé bí ìgbà tí èèyàn ń ku èlùbọ́. Jímọ́ọ̀ forí kanlẹ̀, ó gbé e sókè, kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń kírun báyìí ní àdúgbò yẹn ní Ìkòsì. Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti odi ló mọ èyí tó ń gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni Sábítíyù ìyàwó rẹ̀ wà, ó ń ṣí ìkòkò àgbàdo rẹ̀ wò. Ìkòkò ńlá méjì ló ti rẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀kọ ló ń tà, gbogbo Ìkòsì ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀kọ. Àgbàdo tó bá ti wà nínú omi dé ọjọ́ kẹrin kò mọ ọ̀rọ̀ sùúrù: àfi kí wọ́n lọ̀ ọ́ lónìí, kí wọ́n sẹ́ ẹ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bàjẹ́. Sísẹ́ ògì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ omi agolo kan. Omi kànga ni, garawa lórí garawa. Kànga ọ̀hún rèé, ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré sí ibi tí Sábítíyù dúró sí, tí kánsù ní àwọn ń bọ̀ wá dí i ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Kánsù ló ṣòfin pé láti ìdí ọdán títí dé etí odò, ilé gbígbé nìkan ni kí wọ́n máa kọ́. Ohunkóhun tó bá ń jẹ́ ẹ̀rọ, kó sọdá sí òdìkejì títì Ìkòròdú. Òfin yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Bàbá Alẹ́rọ, arúgbó tí ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ṣe ju kó lọ ata àti àgbàdo àdúgbò, òfin náà ló gbé e tòun tẹ̀rọ sọdá títì, tó fi di pé àwọn obìnrin ń ru igbá àgbàdo gba àárín àwọn ọkọ̀ ẹrù kọjá. Ọdún kejì rẹ̀ ni Ṣówándé gbé ẹ̀rọ tó ga ju ilé wọn lọ wá sí àárín àdúgbò kan náà. Kánsù fún un ní ìwé. Ohun tí ìwé náà wí ni pé òfin ṣì wà níbẹ̀ o, kò yẹ̀, gbogbo ènìyàn ló dè, àyàfi ilẹ̀ ti Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé. Ìwé Àyàfi ni àwọn ará àdúgbò ń pè é láti ọjọ́ náà.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, wọn ì bá máa fọwọ́ di etí, kí wọ́n máa bá ayé lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni wolé-wolé dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ó wọn ilẹ̀ láti ibi kòtò tí epo ẹ̀rọ ń kán sí lọ́gbà Ṣówándé títí dé ẹnu kànga ilé Jímọ́ọ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì ní òfin mìíràn wà tó sọ pé kànga omi mímu kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí epo ẹ̀rọ bá wà. Ẹni tó bá rò pé kòtò epo ni wọ́n ní kí wọ́n dí, onítọ̀hún kò tíì gbé lábẹ́ kánsù rí. Kòtò ní ìwé. Kànga kò ní.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni ìjà ti bẹ́. Sábítíyù gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú ọkọ rẹ̀ àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ rẹ̀. Jímọ́ọ̀ bu àkàrà sẹ́nu, ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi ìka yọ ìyẹ̀fun pákó kúrò láhọ́n. Ó ní ṣé wọn kò lè máa bo oúnjẹ nínú ilé yìí ni. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Sábítíyù ní, "Mo bò ó, Bàbá Àyúbà. Mo fi àwo bò ó, mo tún fi aṣọ bo àwo. Gbogbo ohun tó ṣeé bò ni mo bò. Ẹnu yín ni mi ò rí ṣí, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ wá sọ ọ́."

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi dun Jímọ́ọ̀ dé egungun. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé Ṣówándé mọ́ pátákó ní ilé kánsù, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá lódì sí i. Sábítíyù bẹ̀ ẹ́ kó lọ. Jímọ́ọ̀ ní kí ló fẹ́ lọ wí? Káfíńtà ni òun. Èbúté Mẹ́ta ni òun ti ń kó pákó bọ̀ lórí ọkọ̀ ẹrù. Bí pákó bá wá bá èèyàn nílé, ṣé èèyàn á lé e ni? Àti pé Bísíríyù, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, kánsílọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni kò ní jókòó síbẹ̀ kó jẹ́ kí wọ́n fi ilé wọn ṣòfò. Ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán ni wọ́n wá gbọ́ pé Ṣówándé kì í ta pákó kan tàbí méjì. Àwọn kọngílá ló ń tà á fún, kíkún ọkọ̀ ni. Títí di ọjọ́ yìí, Jímọ́ọ̀ ṣì ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ìyẹ̀fun nìkan ló rí gbà lára pákó àdúgbò.

Ìyá Àgbà jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi ẹnu bu ara wọn jẹ, ìpàdé kánsù wà lówùúrọ̀ yìí, òun yóò bá Jímọ́ọ̀ lọ. Òun lòun mọ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga náà. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n mọ́. Bísíríyù yóò wà níbẹ̀, òun ló sì tọ́ Bísíríyù dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Òun fẹ́ mọ bí yóò ṣe wo òun lójú kó ní kí wọ́n dí omi tí òun fi wẹ̀ ẹ́. Sábítíyù ru àgbàdo, ó kọrí sí títì, lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alẹ́rọ.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé kánsù, nítorí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò yá mọ́. Wọ́n sì tún pẹ́ lórí bẹ́ńṣì níta kí wọ́n tó pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọlé, Ṣówándé ti jókòó sínú, ó de táì, ó gbé fáìlì sórí itan. Bó ti rí Ìyá Àgbà ló dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Ọkùnrin náà mọ ọmọlúàbí í ṣe, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bísíríyù wà láàárín àwọn kánsílọ̀ yòókù, fìlà arán lórí, ó ń ka ìwé kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bi lẹ́kọ̀ọ́.

Alága ní kí Jímọ́ọ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Jímọ́ọ̀ sọ ọ́ dáadáa, ju bó ti rò lọ. Ó ní ẹnu kànga yẹn ni ilé mẹ́tàdínlógún ti ń pọnmi. Ó ní kànga ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló wá bá a. Akọ̀wé kánsù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi gègé ha irun orí, dá a lóhùn pé òfin kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbọ́ tòun náà. Ó ní ọkọ òun ló gbẹ́ kànga náà kí títì Ìkòròdú tó dé, nígbà tí àkọ́bí òun ṣì wà lẹ́yìn òun, àti pé kò sí ọdún kan tó gbẹ rí.

Alága ní wọ́n gbọ́, Ìyá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lóore. Ó ní ṣùgbọ́n kí akọ̀wé ka ohun tó wà nínú fáìlì.

Akọ̀wé kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. "Ìdílé Àyànbọ́lá tó múlé ti ilẹ̀ yìí kò lódì sí i. Àgbà ilé wọn fúnra rẹ̀ ló fa omi láti inú kànga wọn, tó dà á sí ìpìlẹ̀, tó sì wúre pé kí iṣẹ́ ibẹ̀ má dúró láé. Kánsílọ̀ Bísíríyù Àyànbọ́lá ló jẹ́rìí sí i."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Láàárín àwọn èèyàn wọn, bí àjèjì bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, àgbà ilé tó múlé tì í ni wọ́n ń pè kó wá fi omi tútù tu ilẹ̀ náà lójú. Wọn kì í bi onílé pé irú ilé wo ló fẹ́ kọ́. Ẹni tó bá bi í, bí ẹni pé ó ń ṣe ìlara rẹ̀ ni. Bísíríyù ló mú Ṣówándé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti obì àti oyin, tó ní Ìyá, aládùúgbò yín tuntun rèé. Ìyá Àgbà wọ aṣọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa omi, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é. Ta ló máa rò ó pé èèyàn lè mú àdúrà àgbàlagbà kọ sínú fáìlì?

Jímọ́ọ̀ kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà bi akọ̀wé pé, "Ṣé ó parí?"

"Ó parí, Ìyá."

"Àmín tí Bísíríyù ṣe kò sí níbẹ̀. Òun ló ṣe é kíkankíkan jù."

Ẹnì kan wúkọ́. Bísíríyù ṣí ojú ìwé mìíràn. Ṣówándé dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó ní kò sí òfin tí òun rú, gbogbo ìwé òun ló pé, ṣùgbọ́n nítorí àdúgbò, òun yóò fi pákó tí wọn yóò fi bo kànga náà ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn kánsílọ̀ yìn ín. Jímọ́ọ̀ gbọ́ bí wọ́n ti ń yìn ín, ó sì sún síwájú. Ó ní, "Bí òfin bá ní àyàfi, ẹ fún àwa náà ní tiwa. Ẹ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ sí kànga níbẹ̀, àyàfi kànga Àyànbọ́lá."

Alága ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé rẹ̀ wá, ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí kò bá sí ẹni tó lódì sí i, wọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé lẹ́yìn ọdún iléyá. Títí dìgbà náà, kí wọ́n dí kànga. Wọ́n pe ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá àti ọmọ kọrí sílé. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí ọdán ni Ìyá Àgbà sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Jímọ́ọ̀ kò bi í pé ta ló ń bá wí, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ìyá náà ń bá ara rẹ̀ wí.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Àgbàlá kún fọ́fọ́. Gbogbo ilé mẹ́tàdínlógún ló gbé garawa, korobá, ìkòkò, títí kan pọ́ọ̀ tí ọmọdé ń tọ̀ sí, wọ́n ń fa omi bí ẹni tí ogun ń lé bọ̀. Ìyá kan ń sọ pé tipẹ́ lòun ti mọ̀, pé ẹni tó ń jẹ obì Ṣówándé yóò mu omi Ṣówándé. Òmíràn ní káfíńtà ló ń wá pákó ọ̀fẹ́. Wọn kò rẹ ohùn sílẹ̀. Sábítíyù ti dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá Alẹ́rọ pẹ̀lú àgbàdo lílọ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó mú asẹ́, kò sì rí àyè dé ẹnu kànga ara rẹ̀. Ta ni yóò lé? Omi ò lọ́tàá, wọn kì í fi du èèyàn nínú ilé yẹn. Ìyá Ẹ̀bùn, ayálégbé wọn, ló kẹ́yìn tó mú okùn dání. Sábítíyù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fa díẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ní òun san owó ilé, omi wà nínú ohun tí òun san án fún; bí omi bá sì tán, òun náà á kó ẹrù òun lọ sí Kétu níparí oṣù, ilé ló pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀kò ọ̀rọ̀ ni. Ìdààmú ló ń bá a, ọmọ mẹ́rin ló ní.

Ìgbà tó kan Sábítíyù, ìkòkò kan péré ló rí sẹ́. Garawa tó tẹ̀ lé e gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ó dúró kí omi tòrò, ó tún fà, ẹrẹ̀ ni. Kò sí bí wọ́n ti ń fi omi pupa sẹ́ ògì fún ènìyàn jẹ. Ó gbé ìkòkò kejì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó dà á síwájú ewúrẹ́. Kò sunkún. Ó kàn jókòó ti àwọn ewúrẹ́ náà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Wolé-wolé dé lẹ́yìn ìrun àsàrí pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì. Wọ́n ru pákó Ṣówándé, pákó tuntun, omi igi ṣì ń yọ lára rẹ̀. Pákó irú èyí tí Jímọ́ọ̀ ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Òṣìṣẹ́ kan tẹ́ ẹ sórí kànga, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó. Kò mọ̀ ọ́n kàn. Ìṣó ń wọ́, pákó ń yẹ̀, àlàfo tí ọmọdé lè já sí wà láàárín ìkíní àti ìkejì. Jímọ́ọ̀ wo iṣẹ́ náà títí. Ó wọlé lọ, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó gba òòlù lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó yọ àwọn ìṣó wíwọ́, ó fi ayùn gé etí pákó, ó tò wọ́n pọ̀ kí wọ́n fẹnu ko ẹnu, ó sì kàn wọ́n mọ́lẹ̀ gírígírí. Kánsù kò ní káfíńtà tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, wolé-wolé fi ṣéènì àti àgádágodo tì í, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Sábítíyù dìde nídìí ewúrẹ́, ó bọ́ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Jímọ́ọ̀ fẹ́ sọ fún un pé nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni, kó má baà jìn sí kànga. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpótí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bísíríyù wọlé, fìlà arán lórí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ló fi rìn kí àdúgbò má baà gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀. Sábítíyù jáde, ó kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ilé ti ń kí ọkọ, ó dìde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Bísíríyù ní kí wọ́n má bínú, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tinú òun wá, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ẹnì kan kò lè dá a yí padà. Ó ní ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí òun lè ṣe. Ó fa àga súnmọ́ Jímọ́ọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé tí kò lómi, ta ni yóò gbé e? Ṣówándé fẹ́ ra ilẹ̀ yín tí yóò máa to ìtì igi sí. Kò ní yàn yín jẹ. Bí ẹ bá gbà, èmi náà yóò bá yín ṣe ìwé rẹ̀ ní kánsù, wọ́n á yọ ọ́ sílẹ̀ nínú òfin bí wọ́n ti yọ tọ̀hún. Kíá ni."

Jímọ́ọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ lódìkejì ọgbà, ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò ju ewúrẹ́ lọ. Bísíríyù nu ojú, ó wo ọ̀dọ̀ Sábítíyù, ó wo ọ̀dọ̀ àmù. Nílé Yorùbá, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé síwájú ẹni tó bá wọlé, kí wọ́n tó bi í pé kí ló gbé e wá. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ẹni tó dìde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Sábítíyù gbé ojú sí Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ní, "Bí o bá jẹ́ àlejò ni, Bísíríyù, omi ì bá ti wà níwájú rẹ. A kì í fi omi du àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni ọ́, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tọ́ ọ. Ọmọ ilé ló sì ń pọnmi. Korobá ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, odò ń bẹ nísàlẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, kún un dáadáa, kó lè tó gbogbo wa."

Bísíríyù rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà. Jímọ́ọ̀ dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé korobá náà wá, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú kánsílọ̀.